Fíìmù Faransé Tó Gbé Mi Dé Sharjah

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi gbé báàgì mi jáde nílé wa n'Ìbàdàn. Télọ̀ ni mí. Ẹni tó bá bi mí, bọ́tìnnì àti òwú ni mò ń lọ rà ní Dubai. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyá wa ló rán mi lọ wo iṣẹ́ tí Dàre, àbúrò mi, ń ṣe níbẹ̀. Fíríìjì tó fi ránṣẹ́ sí Màmá ṣì wà nínú páálí. Wọ́n ní àwọn ò ní tan iná sí i títí àwọn á fi mọ̀ pé owó tó mọ́ ló rà á. Dàre ní òun ń ṣiṣẹ́ nídìí fíìmù apanilẹ́rìn-ín àwọn Faransé àtijọ́ tí kò ní ohùn, ìgúnpá rẹ̀ sì máa ń wú nínú gbogbo fọ́tò. Ta ló fẹ́ gba irú ẹ̀ gbọ́?

Àdúgbò International City ní Dubai ló ń gbé, lórí bedspace: ibùsùn kan péré tí kọ́tìnnì yí ká. Ó bá mi gba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Ilẹ̀ yàrá náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀, ara sì fu mí. Nílé, ẹni tí kò bá kí èèyàn láàárọ̀ ní ohun tó ń fi pamọ́. Dàre ra karak fún mi, tíì oníwàrà tó dùn jù. Lọ́sàn-án Jímọ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀. Mo ní work ní Sharjah. Ẹ rest."

Mo ti yọjú wo báàgì náà: bàtà gbígbó àti fìlà dúdú róbótó. Bó ṣe wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ takisí, mo ní kí awakọ̀ tẹ̀lé e.

"Brother, you police?" ni awakọ̀ náà, ará Pakistan, bi mí.

Wọ́n tún fi ogún dirham kún owó wa torí a kọjá sí Sharjah. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. N'Ìbàdàn, ta ló ń san owó ààlà láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀?

Gbọ̀ngàn tó kún fún òbí àtọmọ ni Dàre wọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mo fa fìlà bojú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, dúdú òun funfun, ẹnì kan ń tẹ dùùrù sí i. Faransé kan gbé àkàbà; bó ṣe yí padà, ó gbá ọlọ́pàá sínú odò. Àwọn yòókù lé e, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wá ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀.

Bí alákàbà náà ṣe sá kúrò lójú fíìmù báyìí, Dàre bẹ́ jáde láti ẹ̀yìn aṣọ funfun tí wọ́n ń fi fíìmù hàn lórí ẹ̀, tòun ti àkàbà, fìlà róbótó yẹn lórí rẹ̀. Ó yọ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì.

"Pẹ̀lẹ́ o!"

Ẹnu mi ló ti jáde. Ọmọ Yorùbá wo ni èèyàn máa ṣubú lójú ẹ̀ tí kò ní sọ ọ́? Dàre wo ọ̀kánkán mi láti ilẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn òǹwòran rò pé ara eré ni. Látìgbà náà, bó bá ti ṣubú, Lárúbáwá o, ará India o, gbogbo wọn á ké "Pẹ̀lẹ́ o!"

Lẹ́yìn eré, ó ń fi yìnyín tẹ ìgúnpá rẹ̀.

"So ẹ̀ ń follow mi? Yahoo lẹ rò pé mò ń ṣe?"

"Màmá ló rán mi."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Ojú tì mí gan-an.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀: ẹni tó bá ń ṣọ́ ọmọ ìyá ẹ̀, kó kọ́kọ́ di ẹnu ara ẹ̀ mú. Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, Màmá ò jẹ́ kí n jókòó kí wọ́n tó bi mí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Tó bá ṣubú báyẹn, ṣé ó máa ń dùn ún?"

"Ó máa ń dùn ún, mà."

Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ya páálí, wọ́n ní kí n tan iná sí fíríìjì náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."