Ọkùnrin Tí Wọ́n Máa Ń Pa

Bí o bá ń wá Chew Bing ní àdúgbò àwa ará Ṣáínà ní Los Angeles, má wulẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Sáà béèrè ọkùnrin tí wọ́n máa ń pa nínú fíìmù. Aṣọ ló ń fọ̀ jẹun, ṣùgbọ́n bí Hollywood bá ti ránṣẹ́, á ju ọṣẹ sílẹ̀, á lọ kú. Wọ́n ti ta á lọ́fà, wọ́n ti jù ú sódò, ẹṣin ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mò ń lẹ irùngbọ̀n mọ́ àwọn òṣèré lágbọ̀n, mo ti ṣí irùngbọ̀n lẹ́nu òkú yìí títí, tí òkú ń béèrè pé kí la fẹ́ jẹ lọ́sàn-án.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò wò ó nínú fíìmù rí. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ. Dókítà ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, kò ní rí nǹkan kan mọ́.

“Ta ló ń sanwó lọ wo òkú ọmọ ẹ̀?” ni màmá máa ń wí. “Ọjọ́ tí o ò bá kú, wá mú mi.”

Ọjọ́ náà dé ní 1949. Wọ́n ń ṣe fíìmù àwọn géńdé Gẹ̀ẹ́sì méjì kan láyé àtijọ́, tí wọ́n gẹṣin títí dé ilẹ̀ ọba Ṣáínà. Wọ́n fi Bing ṣe aṣọ́bodè: kó tẹrí ba, kó ṣílẹ̀kùn, ó parí. Inú rẹ̀ dùn débi pé gbogbo òpópónà ló gbọ́. Màmá rán ẹ̀wù tuntun.

Àfi bí olùdarí eré ṣe dé lọ́jọ́ iṣẹ́, tó ní eré ibẹ̀ ti tutù jù. “Ẹ ta aṣọ́bodè yẹn lọ́fà.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sá,” ni Bing bẹ̀ ẹ́.

“Ṣubú, jàre!”

Ọfà dé, Bing ṣubú. Kí wọ́n tó dá ẹ̀rọ ayàwòrán dúró, ó ti dìde, ó ń gbọn ìdí. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dìde. Mo fi irùngbọ̀n ọwọ́ mi bo ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

“Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?”

“Ara mi ló kọ̀ ọ́, ọ̀gá.”

Olùdarí ní kí wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n wá ẹlòmíì. Ìgbà náà ni Lok Fun, tí òun àti Bing jọ ń fọṣọ, jáde láàárín àwọn tó gbé ọ̀kọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn, kó sá wọlé. Kí ọfà ba èmi. Kò sí ìyá tó máa wò mí.”

 Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, n ò purọ́. Olùdarí wo oòrùn tó ń lọ, ó gbà. Lok Fun sì kú dáadáa: ó yí gbirigbiri lórí àtẹ̀gùn méje. Mo fún un ní owó inú bébà pupa, bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú nínú eré, kí ikú má baà rò pé òótọ́ ni.

Nígbà tí fíìmù jáde, àwa mẹ́rin la lọ. Èmi àti Lok Fun jókòó sẹ́yìn màmá àti Bing.

“Bing nìyẹn! Ó mà sanra o!” Gbogbo sinimá ń ní kí màmá dákẹ́. “Sáré, ọmọ mi, sáré!”

Bing wọlé, ọfà ba Lok Fun. Màmá nàka sí i.

“Ọmọ ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá,” ni Lok Fun dáhùn. “Eré ni.”

“Eré kẹ̀? Tí wọ́n pa ẹ́ lójú mi!” Ó yíjú sí Bing. “Ìwọ, dìde níbẹ̀.”

Ó fa Lok Fun wá sórí àga náà, ó fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀ níbi tí ọfà wọlé. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí fíìmù fi parí. Bing wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn, ó ń nu ojú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ọba, wọ́n kó góòlù, wọ́n padà sílé, màmá kò wo ọ̀kan níbẹ̀.