Ọwọ́ Ọ̀gá Mi Lórí Síkúrúù

Obìnrin àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó ń fi ìgbì tẹrahẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ni ọ̀gá mi. Ìgbì yìí wà láàárín ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀. Ó ń gba inú aṣọ àti páálí kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ti parẹ́ nìyẹn. Èkó sì ni ọ̀gá mi gbé iṣẹ́ náà wá, níbi tí aṣọ tí a sá kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nígbà òjò.

Wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà lókè òkun, láti ìgbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, tí oníkálukú ń fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ tó máa lò. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn làwọn to ẹ̀rọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ìwé ìwádìí tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá tẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà wálé, ọkọ wọn ní òun ò lọ síbì kankan. Àwọn nìkan ló padà wá. Wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Sùúrùlérè, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba, níbi tí èmi, ọmọ Èbúté Mẹ́ta, ti ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì lábẹ́ wọn.

A fi àpótí gíláàsì bo ẹ̀rọ náà, a sì ń fẹ́ gáàsì náítírójìn sínú rẹ̀ kí ibẹ̀ lè gbẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún éésì, ẹ̀rọ amúlétutù, ṣe ní Múṣín ni mo ti ń ra gáàsì náà. Síkúrúù kéékèèké ló ń darí àwọn dígí inú àpótí, ọ̀gá mi nìkan ló sì máa ń fọwọ́ kàn wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ń gbọ̀n lórí síkúrúù. Wọ́n rí i pé mo ń wò ó.

"Éésì yìí ti tutù jù," ọ̀gá mi wí. "Wá bá mi yí i."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń yí i. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, wọ́n á máa wo kọ̀ǹpútà. "Díẹ̀ sí i. Ó ti pọ̀ jù. Dá a padà." Mo pa éésì nígbà kan, a jọ ń làágùn, ọwọ́ náà ò dẹ́kun gbígbọ̀n.

Ní Sátidé kan, mo mú iṣẹ́ tí mo kọ lọ sílé wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi, tó sì padà lọ síbi ohun tó ń ṣe: ó ń bá ọ̀gá mi de bọ́tìnnì aṣọ, bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé. Mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

"Ṣé ó ti sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ yín?" ẹ̀gbọ́n wọn bi mí.

"Rárá, mà."

"Dókítà ti sọ fún un láti ọdún tó kọjá pé ọpọlọ ni ọwọ́ gbígbọ̀n yìí ti wá. Bóyá á gbọ́ tìẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀gá mi kọjú sí mi. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Ta ló máa wá ṣe é?"

Ọ̀gá mi fúnra wọn ló kọ̀wé fún mi sí ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun fún oyè dókítà, ibẹ̀ sì ti gbà mí.

Mo sún ìrìn àjò náà síwájú. A ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oògùn ibà la ń wò nínú àpò ìwé rẹ̀, ojúlówó àti ayédèrú, bóyá ìgbì náà lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó pẹ́ tí ìlà tí oògùn méjèèjì ń fà lórí kọ̀ǹpútà fi jọra. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo yí síkúrúù kan báyìí, ìlà méjèèjì sì yàtọ̀ síra kedere.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ọ̀gá mi wí jẹ́jẹ́. Wọ́n wá dúró ti àpótí náà, omi ń bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn olùkọ́ yòókù, maíìkì ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀gá mi títí ó fi ń gbá eyín wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀.

"Ara mi ò yá," ni wọ́n wí. "Ọmọ yìí ló fọwọ́ ṣe gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí. Orúkọ rẹ̀ ló máa ṣíwájú."

Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì lọ́dún náà. Èmi ò sì lọ sókè òkun mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní Yaba fún mi níṣẹ́ olùkọ́, mo sì rò pé màá tẹ̀síwájú. Kò pẹ́ tí iná fi ṣe ségesège, tí lésà tó ń pèsè ìgbì inú ẹ̀rọ náà kú. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Físíìsì ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun báyìí.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ka wa rán mi sí ọ̀gá mi pé a fẹ́ bọlá fún wọn gẹ́gẹ́ bí aṣáájú. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Mo ní láti tẹ́tí sún mọ́ wọn.

"Ṣé lésà ti dé?"

"Kò tíì dé, mà. Mi ò rò pé ó máa dé."

Wọ́n di ojú. "Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àwọ́ọ̀dù sílẹ̀. Kí wọ́n ra lésà."

Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Olórí ẹ̀ka wa ní òun gbọ́, pé àwọn á fi sọ́kàn, ṣùgbọ́n káàdì ìkésíni ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.