Ìsinmi Kẹta Láti Etí Odò Mohawk

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú Orpha pátápátá. Ọmọ ẹ̀yà Oneida ni, àwọn onílẹ̀ àtijọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó fi ogójì ọdún se oúnjẹ fáwọn ọmọ ilé ìwé wa. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n olórí kunkun ni, ẹ bi mí léèrè.

Láyé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ odi, ìyá-ńlá kan nínú ìdílé Orpha wà lára àwọn alárù tó ń ru ẹrù ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ láti odò Mohawk lọ sí odò kejì. Oyún wà nínú rẹ̀. Ó kú lójú ọ̀nà, wọ́n sì sin ín síbi ìsinmi kẹta, ìyẹn ibi kẹta táwọn alárù ti ń dúró sinmi. Ohun tí ìdílé mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ ìlú wá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ri páìpù lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní kí Orpha tọ́ka sí sàréè náà kó tó di aago mẹ́wàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á gbẹ́ ẹ.

Ó tẹ́ máàpù àtijọ́ sílẹ̀. Odi mẹ́rin wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, ìsinmi kò sí níbì kankan. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì, kò tilẹ̀ rí ibi tí èèyàn á ti fẹ́ jókòó. Ẹ̀rù bà á pé òun máa tọ́ka síbi tí kì í ṣe ibẹ̀.

Elam àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ òfìfo lẹ fi ń rìn. Kí ló máa rẹ̀ yín tí ẹ ó fi sinmi?”

“Panu mọ́,” ló wí, àmọ́ ó ti dìde.

Ó mú ọ̀já tí ìyá wọn fi ń ru ẹrù, ó fi so àpò àgbàdo mọ́ ẹ̀yìn, ó gbé ọ̀já náà kọ́ iwájú orí bí àwọn alárù àtijọ́ ti ń ṣe é, ó sì gbéra létí odò. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó sinmi lẹ́ẹ̀kan. Ó tún sinmi.

“Ṣùgbọ́n arúgbó lẹ̀yin,” Elam ní. “Ọmọge ni ìyá-ńlá yẹn.”

“Aboyún ni. Bóyá bákan náà ni.”

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ kọ̀. Àárín àwọn èèkàn tí wọ́n rì sílẹ̀ fún páìpù ló jókòó sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dé pẹ̀lú kátákátá.

“Ṣé ó dá yín lójú pé ibí ni?” Elam rọra béèrè.

“Kò dá mi lójú,” Orpha ní. Kò sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì dìde. “Ó rẹ̀ mí ni. Ó ṣeé ṣe kó rẹ òun náà níbí.”