Ẹni Tó Ń Fi Sukudíráfà Gbọ́ Ẹ́ńjìnnì

Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó gbé tiransifọ́mà wa lọ l'Ágbowó ló sọ bàbá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé wa di adití.

Mo ṣì ń rí wọn. Wọ́n tẹ ẹnu sukudíráfà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tó ń ké, wọ́n fi èèkù rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, wọ́n di ojú. Òórùn bẹntiróò gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

“Oníbéèrè, sún mọ́bí,” ni wọ́n máa ń pè mí. “Epo nìkan ò lè tan gílóòbù. Ó ń jó nínú ihò yìí, agbára jíjó yẹn á ti písítìnì, písítìnì á yí ọ̀pá irin, ọ̀pá á yí mágínẹ́ẹ̀tì láàárín wáyà kọ́pà. Yíyí yẹn niná ti ń wá. Níbi tí wọ́n ti sé odò, omi ló ń yí i.”

“Kí ló ń yí ẹ̀yin, Bàbá?”

“Ebi ni. Lọ bá mi gbé sípánà wá.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni iléeṣẹ́ náà ní àwọn máa fi tún tiransifọ́mà ṣe. Títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, kò tíì dé. Ẹ̀rọ ńlá kan létí odò ì bá tan iná fún gbogbo wa. Dípò bẹ́ẹ̀, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ládùúgbò wa gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ síta, gbogbo wọn ń bú ramúramù láti àárọ̀, gbogbo wọn ló sì ń gba etí Bàbá kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá onífótókọ́pì gbé tirẹ̀ wá. Láti ẹnu ilẹ̀kùn wa ni mo ti ń gbọ́ irin tó ń kan irin nínú rẹ̀, kó-kó-kó. Bàbá fi sukudíráfà tẹ́tí sí i, wọ́n mi orí.

“Ara ẹ̀ dá ṣáṣá.”

Mo pariwo, “Bàbá, ó ń kan!” Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé mo kí wọn ni. Lójú wa níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà há, ó dákẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ ní ó dáa!” ni ìyá náà figbe ta. “Àbí etí yín ti kú ni?”

Ẹnu rẹ̀ ni Bàbá ń wò. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ìyá.”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ wá fún wọn.

Mo ti kàwé ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n sukudíráfà tí Bàbá fún mi ló wà nínú báàgì mi, n kì í sì í gbọ́ ẹ́ńjìnnì kí n má di ojú. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, níbo lẹ gbé tiransifọ́mà wa sí? Ta ló fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ gbé e? Èwo nínú yín ló máa lọ jókòó níwájú Bàbá, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn, torí wọn ò ní gbọ́, pé ẹ jẹ̀bi? Ẹ má ní kí n ṣe sùúrù. Etí tèmi ò tíì di. Mò ń retí èsì.