Làálì Tí Kò Gbẹ Létí Òkun

Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kì í sì í kọ nǹkan gígùn. Iṣẹ́ làálì ni mo mọ̀.

Ọ̀dọ̀ Alhaja ní Moduganari, ní Maiduguri, ni mo ti kọ́ ọ. A ó po làálì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, a ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá tí a ká ṣóńṣó, a ó wá máa tẹ̀ ẹ́ jáde sọ́wọ́ oníbàárà. Afẹ́fẹ́ ìlú wa gbẹ. Kí o tó fa òdòdó kejì tán, èkíní ti ń sán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ṣúgà sí i, kí ó má baà tètè gbẹ.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ so yìgì Sùlíyá, ọmọ àbúrò Alhaja, ní Àgbádárìgì. Alhaja mú mi dání. Ó ní èmi nìkan ni màá ṣe ọwọ́ ìyàwó. Bí ó bá dára, màá máa dá gba iṣẹ́ ìyàwó.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n so yìgì náà ni àyájọ́ òmìnira bọ́ sí. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa lọ sétí òkun. Èrò pọ̀, àwọn ọmọdé wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun.

"Gbogbo omi yìí, ẹ tún ń ta piọ wọ́tà?" ni Alhaja bi ọmọbìnrin tó ń kiri.

"Alhaja, ẹ tọ́ tibẹ̀ wò ná."

Sùlíyá na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. "Ràfíá, ṣe é níbí, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i."

Mo yọ làálì nínú àpò mi, mo fà á. Wákàtí kan kọjá, ó ṣì ń dán. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun rin, ṣúgà náà sì ń fa omi mọ́ra.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò mí. Ojú tì mí láti sọ pé n kò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ní ó ti gbẹ.

Wọ́n tan orin. Sùlíyá dìde, ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo òdòdó náà di ẹrẹ̀. Nígbà tí a nù ún, àbàwọ́n pupa wà lọ́wọ́ méjèèjì.

"Kai. Ta ló ní kí o pàtẹ́wọ́?" ni Alhaja wí.

Sùlíyá ń sunkún. "Ẹ má bínú, Alhaja. Ẹ má bá Ràfíá wí."

"Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Ìwọ ni o ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ ò tíì dé, o ti ń jó."

Wọ́n ra ẹja yíyan fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo po làálì mìíràn láìfi ṣúgà sí i. Mo kúnlẹ̀ níwájú Alhaja àti Sùlíyá. Mo ní, "Mo mọ̀ pé kò tíì gbẹ nígbà tí mo ní ó ti gbẹ." Mo gbé abọ́ làálì náà síwájú Alhaja, mo sì di ọwọ́ Sùlíyá mú fún un, kí Alhaja fúnra rẹ̀ lè fi làálì bo àbàwọ́n náà.