Áńgẹ́lì Tí Bàbá Mi Kọ Sínú Lẹ́tà

Nígbà tí owó epo ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni bàbá mi pa irọ́ tó tóbi jù láyé wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìyá wọn ní Èkìtì pé àwọn ti kọ́ ibojì olókùúta mábù fún bàbá àwọn, pé áńgẹ́lì ńlá wà lórí rẹ̀. Èkó ni bàbá àgbà kú sí kí wọ́n tó bí mi, ibi ìsìnkú àwọn Àgùdà ni wọ́n sin wọ́n sí. Àgbélébùú onígi ibẹ̀ ti jẹrà, bàbá mi ò dá ojú ibojì mọ̀ mọ́. Sìmẹ́ńtì tó yẹ kó lọ síbẹ̀, ilé wa ní Ìsọlọ̀ ló gbé e mì.

Àfi bí ìyá àgbà ṣe dé lóṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e, tí Ọjọ́ Ìrántí Òkú ku ọ̀la, pẹ̀lú àbẹ́là méjì. Wọn ò dé ibojì náà rí. Ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ wọn nígbà ìsìnkú ọkọ wọn.

Ọjọ́ tí a lọ síbi ìsìnkú náà ṣì ń wù mí. Àwọn obìnrin ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ibojì, òórùn àbẹ́là gba gbogbo afẹ́fẹ́. Áńgẹ́lì ló dúró lọ́tùn-ún lósì, àwọn kan dorí kodò, àwọn kan nawọ́ sókè. Èmi tí mo ń rí búlọ́ọ̀kù àti yẹ̀pẹ̀ lójoojúmọ́ ní Ìsọlọ̀, mo rò pé mo ti dé ọ̀run.

Bàbá mi mú wa lọ sídìí áńgẹ́lì kan tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Ìyá àgbà ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n ka orúkọ tó wà lára òkúta. Bàbá mi wò mí. Mi ò rí ẹ̀rù lójú wọn rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Mo bá pe orúkọ bàbá àgbà ketekete, orúkọ tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò ha ìdọ̀tí dúdú tí òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti kó sẹ́sẹ̀ áńgẹ́lì náà. Ibojì tí wọ́n kọ́ ní èṣí kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n tan àbẹ́là kan, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ìwọ tó o sùn síbí, mi ò mọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, bá mi kí ọkọ mi. Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé, ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tí a sin ín sí mọ́."

Wọ́n na àbẹ́là kejì sí bàbá mi láìwo ojú wọn. Ìṣáná kú mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò lè tan àbẹ́là náà. Èmi ni mo bá wọn ṣáná sí i.