Agbádá Jímọ̀ Tó Ṣíji Bo Ẹ̀gà

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ àti ẹranko igbó ní Malete. Láti Ìlọrin ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láràárọ̀. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí: a ó ta àwọ̀n tín-ín-rín tí ẹyẹ kì í rí sáàárín igi méjì. Ẹyẹ tó bá há, a ó tú u jẹ́jẹ́, a ó wọ̀n ọ́n, a ó fi òrùka kékeré sí i lẹ́sẹ̀ ká lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, a ó sì jẹ́ kó máa lọ.

Etí oko ọkà bàbà Bàbá Sálíù ni mo ń ta àwọ̀n sí. Ẹ̀gà ń jẹ ọkà rẹ̀ gan-an, nítorí náà iṣẹ́ mi kò yé e.

"Tísà, o mú olè, o wọ̀n ọ́n, o tún fún un ní òrùka. Ṣé o fẹ́ fi ṣaya ni?"

"Bàbá, ó ń bá yín jẹ kòkòrò náà."

"Sọ fún un kó fi kòkòrò yó kó tó dé ìdí ọkà mi."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò nídìí àwọ̀n gbọ́dọ̀ ká a, torí oòrùn tètè ń pa ẹyẹ tó bá há. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn lófin yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọ̀n ṣófo láti àárọ̀, ìrun sì ti fẹ́ẹ́ tó. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù fa kútúbà, ìyẹn ìwàásù Jímọ̀, gùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo sáré padà dé, mo rí agbádá funfun tí wọ́n nà bo àwọ̀n. Bàbá Sálíù dúró nínú oòrùn pẹ̀lú bùbá nìkan, ó di etí aṣọ náà mú. Ẹ̀gà mẹ́rin ló há sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò lọ kírun?"

"Mò ń lọ ni mo rí wọn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú wọn, mi ò sì fẹ́ ṣẹ́ wọn lápá." Ó wò mí. "Tísà, o so ẹ̀mí mẹ́rin rọ̀ sínú oòrùn, o wá lọ ń tọrọ àánú?"

Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta fò lọ, ìkẹrin kò mira. Bàbá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń kán omi sí i lẹ́nu láti inú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lajú. Ló bá fò, ó sì lọ bà sórí ọkà Bàbá.

"Aláìmoore!" ni Bàbá wí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ti di olóògbé. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi àwọ̀n sílẹ̀ mọ́, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó fọwọ́ kan án láì kọ́kọ́ gbọ́ nípa agbádá yẹn. Ẹ̀yin tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi mí kọ́gbọ́n: ohun ẹlẹ́mìí tó bá wà níkàáwọ́ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ewu, kódà bó jẹ́ mọ́ṣáláṣí lẹ ń lọ.